Kí Ọjọ́ Ìkúnlẹ̀ Tó Dé: Ìtọ́sọ́nà fún Tọkọtaya Tó Ń Retí Àkọ́bí l'Ékòó

Báàgì ni ọ̀pọ̀ tọkọtaya máa ń kọ́kọ́ dì. Wọ́n á lọ sọ́jà Balógun, wọ́n á ra fìlà, ìbọ̀sẹ̀ àti ṣọ́ọ̀lù ọmọ, gbogbo rẹ̀ á ti wà nílẹ̀ kí oyún tó pé oṣù méje. Kò burú, ayọ̀ ni. Àmọ́ bí ìrọbí bá mú ìyá láago méjì òru, ìbọ̀sẹ̀ kọ́ ni yóò gbé e dé ọsibítù. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ àti ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ jókòó sọ.

Ìgbà wo la máa forúkọ sílẹ̀, níbo sì ni?

Kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 12 ló dáa jù. Láti ọdún 2016 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń sọ pé kí aboyún fojú kan dókítà tàbí agbẹ̀bí tó ìgbà 8 kó tó bímọ. Àwọn kan ń dúró dìgbà tí ikùn bá yọ nítorí ojú ayé. Ẹ lè fi pamọ́ fún aládùúgbò, ẹ má fi pamọ́ fún nọ́ọ̀sì.

Island Maternity wà nítòsí fún àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó. Ní Mainland, ọsibítù ìjọba wà ní Gbàgádà, Ìsọlọ̀ àti Mushin. LUTH, ọsibítù Yunifásítì Èkó, wà ní Ìdí-Àràbà, Àyìnkẹ́ House, ilé ìgbẹ̀bí, sì wà nínú ọsibítù LASUTH n'Íkẹjà. Ibi yòówù kí ẹ yàn, ẹ bi wọ́n pé: ṣé dókítà tó lè ṣe iṣẹ́ abẹ máa ń wà lóru? Bí apá yín ò bá ká a, ibo lẹ máa ń gbé aboyún lọ? Bí ẹ bá tún forúkọ sí ilé àdúrà, a ò bá yín jà, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ìrọbí tó ń fà pẹ́ níbẹ̀.

Kí ló dé tí wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ bàbá?

Ọ̀pọ̀ bàbá ló ń sá fún èyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sá. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ya lẹ́yìn ìbí ló ń pa ìyá jù lọ láyé, ó sì lè pa obìnrin tí ara rẹ̀ le koko láàárín wákàtí méjì bí kò bá rí ìtọ́jú. Páìntì kan tí bàbá fi sílẹ̀ lè má bá ti ìyá mu rárá. Inú ìṣúra ẹ̀jẹ̀ ló ń lọ, kí èyí tó bá ìyá mu lè wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó bá nílò rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ méjì tí ẹ̀jẹ̀ wọn bá tirẹ̀ mu, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù wọn, sẹ́yìn káàdì ọsibítù ìyá.

Ẹ tún béèrè bóyá wọ́n ń tẹ́ ọ̀rá tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ sábẹ́ ìyá. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2023, tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà àti orílẹ̀-èdè mẹ́ta míì nílẹ̀ Áfíríkà, fi hàn pé bí agbẹ̀bí bá fi ọ̀rá yìí tètè rí i pé ẹ̀jẹ̀ ti pọ̀ jù, tó sì ṣe gbogbo ìtọ́jú rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ewu ńlá inú rẹ̀ ń dín kù ní ìdá 60 nínú 100.

Bí ẹ̀jẹ̀ ìyá bá jẹ́ nẹ́gátíìfù tí ti bàbá jẹ́ pọ́sítíìfù, ẹ rán wọn létí abẹ́rẹ́ anti-D, èyí tí kì í jẹ́ kí ara ìyá máa bá ẹ̀jẹ̀ ọmọ jà. Bí ẹ̀jẹ̀ ọmọ bá jẹ́ pọ́sítíìfù, ìyá gbọ́dọ̀ gbà á kí wákàtí 72 tó kọjá lẹ́yìn ìbí.

Ọ̀nà ńkọ́?

Ẹni tó ń gbé Ọ̀wọ̀rọ̀ńṣòkí tó forúkọ sílẹ̀ ní Island, kó gun Third Mainland láago 6 àárọ̀ ọjọ́ Ajé kó wò ó. Ohun tó bá fojú rí níbẹ̀ ni yóò sọ fún un pé ó yẹ kó mọ ọsibítù kan sí i tí kò ní gun afárá kó tó débẹ̀. Káàdì àti èsì àyẹ̀wò kò gbọ́dọ̀ kúrò nínú àpò ìyá láti oṣù kẹjọ.

Ẹ bá ẹni méjì tó ní mọ́tò sọ̀rọ̀, torí ẹnì kan lè rìnrìn àjò. Ẹ má gbàgbé géètì àdúgbò: wọ́n ń tì í lóru, kí ọlọ́dẹ ti mọ̀, kí nọ́ńbà rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ yín. 767 tàbí 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì l'Ékòó. Ọ̀kadà kò sí fún ẹni tó ń rọbí.

Ìrọbí àkọ́bí sábà máa ń pẹ́. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé kí ẹ lọ tó bá ń mú ìyá ní ìṣẹ́jú 5-5, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń tó ìṣẹ́jú kan, fún odidi wákàtí kan. Tèmi ni pé kí ẹni tí ilé rẹ̀ jìnnà má dúró dìgbà yẹn. Bí omi bá ti dà, bí ẹ̀jẹ̀ bá yọ, bí orí bá ń fọ́ ìyá gidigidi, bí ojú rẹ̀ bá ń ṣú, bí gìrì bá mú un, tàbí bí ọmọ ò bá yí nínú mọ́, ẹ gbéra lójú ẹsẹ̀.

Bí wọ́n bá ní iṣẹ́ abẹ ni?

Wẹ́rẹ́ lewé ń bọ́ lára igi, àdúrà wa nìyẹn. Síbẹ̀, ẹ sọ ọ́ láàárín ara yín nísinsìnyí, nígbà tí ara tù yín, kí ẹ sì sọ fún ìyá ọkọ àti ìyá ìyàwó pẹ̀lú. Obìnrin tó ti dàgbà lè fọwọ́ sí ìwé fúnra rẹ̀. Ohun tó ń ba nǹkan jẹ́ ni kí wọ́n máa pe bàbá tí fóònù rẹ̀ ti kú sí Ìdúmọ̀tà, tí owó sì wà nínú àkáǹtì òun nìkan. Ẹ fi owó sí ibi tí ìyá náà ti lè rí i gbà. Ìyá tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún, ó bímọ, kò sẹ́ni tó lè gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

Báàgì ńkọ́ o?

Gbogbo ọsibítù ló ní ìwé tirẹ̀, ẹ gbà á: páàdì ìbímọ, òwú, ìbọ̀wọ́, ìró, aṣọ ọmọ díẹ̀. Ẹ fi ọ̀rá tó nípọn kún un bí ẹ bá fẹ́ gbé ibi ọmọ lọ sílé, kí ẹ sì ti sọ fún nọ́ọ̀sì.

Ẹ má fi káńfọ̀ sáàárín aṣọ ọmọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni G6PD, èròjà tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀, kéré lára wọn, òórùn káńfọ̀ sì lè máa ba ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ títí ibà pọ́njú á fi dé. Aṣọ tó ti bá káńfọ̀ gbé àpótí, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a dáadáa.

Ọmú láàárín wákàtí àkọ́kọ́, láìsí omi, láìsí àgbo. Jẹ́ẹ̀lì chlorhexidine nìkan ni fún ìwọ́, kì í ṣe ọṣẹ ìfọyín, kò sì gbọ́dọ̀ kan ojú ọmọ. Bí funfun ojú ọmọ bá wá pọ́n rúsúrúsú, oòrùn àárọ̀ kọ́ ni ìtọ́jú rẹ̀. Ẹ gbé e padà sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an, kódà bó jẹ́ pé ọ̀la ni ìkómọ.