Bí a ṣe ń yan nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn fún fàráńdà ilé, àti bí a ṣe ń fi í síbẹ̀

Ní ọ̀pọ̀ ilé lọ́dọ̀ wa, fàráńdà ni atẹ́gùn ti máa ń fẹ́ dáadáa jù nígbà tí oòrùn bá rọlẹ̀, pàápàá bí wọ́n bá ti mú iná lọ, ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni ẹ̀fọn ti máa ń kọ́kọ́ bá ènìyàn. Ẹ̀fọn tí ó ń gbé ibà kiri, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Anopheles, a máa jẹ láti ìrọ̀lẹ́ títí di àfẹ̀mọ́jú, nítorí náà wákàtí tí ó wù wá láti jókòó sí ìta gan-an ni wákàtí tirẹ̀. Nẹ́ẹ̀tì tí a fi yí fàráńdà ká lè dá a dúró, bí a bá fi sọ́kàn pé ẹ̀fọn kì í sábà gba ojú nẹ́ẹ̀tì wọlé. Etí nẹ́ẹ̀tì ni ó ń gbà. Mo ti rí fàráńdà tí wọ́n ra nẹ́ẹ̀tì olówó ńlá sí, tí àlàfo tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ sì gba ìka ọmọdé.

Nítorí èyí, kí a tó lọ sí ọjà, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yí fàráńdà po. Ẹ wo òkè níbi tí sílìn ti pàdé ògiri, ẹ wo ihò tí omi ń gbà jáde ní ìsàlẹ̀ nígbà tí a bá fọ ilẹ̀, kí ẹ sì wo búlọ́ọ̀kù oníhò tí àwọn bíríkìlà fi ń ṣe ọ̀ṣọ́ sí ara ògiri. Gbogbo wọn ni a gbọ́dọ̀ dí tàbí kí a fi nẹ́ẹ̀tì bò. Ẹ wo àwo abẹ́ ìkòkò òdòdó àti korobá tí a fi ń gbe omi pẹ̀lú, nítorí pé ẹyin ẹ̀fọn tí ó wà nínú omi bẹ́ẹ̀ lè di ẹ̀fọn tí ń fò láàárín ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, bí a bá sì ti fi nẹ́ẹ̀tì yí ibẹ̀ ká, àwa àti wọn ni a jọ há mọ́ inú rẹ̀.

Oríṣi nẹ́ẹ̀tì tí ó wà lọ́jà kò ju bí mélòó kan lọ. Onífáíbà ni ó wọ́pọ̀ jù: ó rọ̀, kì í dípẹtà, ó rọrùn láti gé, owó rẹ̀ kò sì pọ̀, àmọ́ èékánná ológbò lè fà á ya. Ti alumíníọ́mù le jù ú lọ, ṣùgbọ́n bí ohun kan bá gbá a, ojú ibẹ̀ a tẹ̀ wọnú, kò sì ní padà sípò mọ́. Ti wáyà onírin tí àwọn bàbá wa lò sí ojú fèrèsé a máa dípẹtà, ẹni tí ó bá sì ń gbé ní Lẹ́kkí tàbí Badagry, tí atẹ́gùn òkun ń fẹ́ iyọ̀ sí ara ilé rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ náwó sí i rárá. Iyọ̀ yẹn kì í ṣàánú alumíníọ́mù pàápàá. Èyí tí wọ́n fi irin tí kì í dípẹtà ṣe ni ó lálòpẹ́ jù, owó rẹ̀ ni ó sì ga jù. Ní tèmi, onífáíbà tó fún ọ̀pọ̀ ilé, àyàfi ní apá ìsàlẹ̀ tí kò ga ju orúnkún lọ, níbi tí ewúrẹ́ àdúgbò ti máa ń wá fi ara ha nǹkan. Pákó tàbí páànù ni kí a fi sí ibẹ̀. Bí ẹ bá ń dá iná àdògán ní fàráńdà, ẹ gbé e jìnnà sí onífáíbà, nítorí ike ni wọ́n fi bo ara òwú rẹ̀, ooru sì máa ń bà á jẹ́.

Bí ojú nẹ́ẹ̀tì ṣe kéré tó ṣe pàtàkì ju ohun tí wọ́n fi ṣe é lọ. Èyí tí ó bá ní ojú 18 ní íǹṣì kan lọ́nà kan, tí ó sì ní 16 lọ́nà kejì, tó láti dá ẹ̀fọn dúró. Ẹni tí ń ta á lè máà mọ iye rẹ̀, nítorí náà ẹ mú rúlà dání, ẹ gbé e lé ara nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì fi ṣóńṣó abẹ́rẹ́ ka ojú ihò tí ó wà láàárín íǹṣì kan. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà létí ọ̀sà, tí kantíkantí ń dà láàmú, lè ra èyí tí ojú rẹ̀ jẹ́ 20 lọ́nà méjèèjì, kí ó sáà mọ̀ pé atẹ́gùn tí yóò máa wọlé yóò dín kù. Ní ti àwọ̀, dúdú tàbí eléérú ni kí ẹ mú. Funfun dára lójú lọ́jà, ṣùgbọ́n nígbà tí oòrùn bá ràn sí i, ṣe ni yóò máa kọ mọ̀nà, ẹ kò sì ní rí ìta dáadáa.

Bí a bá fẹ́ wọn àyè, ibi mẹ́ta ni a ó ti wọn ìbú, lókè, láàárín àti nísàlẹ̀, a ó sì wọn gíga náà bẹ́ẹ̀, nítorí pé òpó tí bíríkìlà gbé dúró kì í sábà gún tó bí ojú ṣe rí i. Iye tí ó kéré jù ni a ó mú, a ó sì yọ mílímítà 3 kúrò ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan kí férémù lè wọlé láìfún. Ọ̀pọ̀ nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ká jọ kò fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin lọ, nítorí náà bí àyè yín bá fẹ̀ tó mítà 3.6, ẹ pín in sí férémù mẹ́rin dípò mẹ́ta, kí etí nẹ́ẹ̀tì lè ṣẹ́kù fún gígé. Ẹ má ṣe so nẹ́ẹ̀tì méjì pọ̀ láàárín férémù kan.

Férémù alumíníọ́mù tí ó ní pòrò tóóró lára ni mo fara mọ́. Igi náà dára bí ó bá gbẹ dáadáa tí a sì kun oògùn ikán sí i, àmọ́ ìṣó àti pákó pẹlẹbẹ ni a ó fi di nẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn, pípààrọ̀ rẹ̀ yóò sì gba wàhálà. Nígbà tí a bá ti to férémù pọ̀, kí a wọn ún láti igun kan sí igun tí ó dojú kọ ọ́, kí a sì wọn igun méjì yòókù. Bí iye méjèèjì kò bá dọ́gba, férémù náà wọ́ nìyẹn.

Ẹ tẹ́ férémù sí orí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, kí ẹ sì tẹ́ nẹ́ẹ̀tì lé e kí ó yọ tó sẹ̀ǹtímítà 5 ní gbogbo ẹ̀gbẹ́, kí òwú rẹ̀ sì máa bá etí férémù lọ ní títọ́. Okùn rọ́bà ni yóò dè é mọ́ inú pòrò. Irinṣẹ́ rẹ̀ ni igi kékeré kan tí ó ní kẹ̀kẹ́ ní orí méjèèjì: èyí tí etí rẹ̀ yọ síta ni a fi ń tẹ nẹ́ẹ̀tì onírin wọ inú pòrò kí a tó fi okùn sí i, èyí tí pòrò wà lójú rẹ̀ ni a sì fi ń tẹ okùn. Láti igun kan ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ òsì di okùn mú lójú pòrò, kí ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún yí kẹ̀kẹ́ díẹ̀díẹ̀, bí ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan lẹ́ẹ̀kan, títí ẹ ó fi gbọ́ tí okùn náà bá rì wọlé. Ẹ má ṣe fa nẹ́ẹ̀tì le koko. Okùn fúnra rẹ̀ yóò fà á bí ó ti ń wọlé. Férémù àkọ́kọ́ tí èmi fi ọwọ́ ara mi ṣe, mo fa nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bí ẹni ń fa awọ ìlù, ìgbà tí mo gbé e nàró ni mo rí i pé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ti rọ wọnú bí ìbàdí àdó. Láti ìgbà náà ni mo ti máa ń kan pákó méjì mọ́ ilẹ̀ sí inú férémù kí ó má baà rọ. Bí ẹ bá parí, ẹ fi bíléèdì tuntun gé èyí tí ó ṣẹ́kù ní ẹ̀yìn okùn. Bíléèdì tí kò mú yóò fa òwú yọ.

Síkúrù ni kí ẹ fi de férémù mọ́ òpó, ẹ má ṣe rẹ́ sìmẹ́ǹtì mọ́ ọn, nítorí ẹ ó máa tú u fọ̀. Láàárín férémù àti ògiri, ẹ fi rọ́bà tàbí fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ sí i.

Ilẹ̀kùn ni ó yẹ kí a fara balẹ̀ sí jù. Ìta ni kí ó máa ṣí sí, kí ẹ̀fọn tí ó bà lé e lè bá a lọ síta nígbà tí a bá tì í síwájú, kí sípíríńgì sì wà tí yóò máa dá a padà, nítorí ọmọdé kì í rántí ilẹ̀kùn. Ẹ fi irin dábùú sí i ní ibi tí ọwọ́ ti ń tì í, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ nẹ́ẹ̀tì ni gbogbo ènìyàn yóò máa tì. Ẹ kan rọ́bà tàbí búrọ́ọ̀ṣì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ó máa gbá ilẹ̀, kí ẹ sì rí i pé a lè ṣí i láti inú láìwá kọ́kọ́rọ́, nítorí iná.

Bí ilẹ̀ bá ṣú, kí ẹnì kan wà nínú fàráńdà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kí ó máa tàn án sí etí gbogbo férémù, kí ẹlòmíràn sì dúró síta. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ gbọọrọ láìgba ojú nẹ́ẹ̀tì kọjá, ọ̀nà ẹ̀fọn ni ibẹ̀. Kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i, kí ẹ sì fi sílíkọ́ọ̀nù dí i ní ọjọ́ kejì.

Eruku ọyẹ́ a máa dí ojú nẹ́ẹ̀tì débi pé atẹ́gùn kò ní wọlé mọ́. Nígbà tí ọyẹ́ bá ti lọ, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì wo okùn rọ́bà rẹ̀ bóyá ó ti gan. Okùn tí ó bá ti ń já wẹ́wẹ́ lọ́wọ́, ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́ padà; ẹ gé díẹ̀ lára rẹ̀ dání lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ń tà á, kí ó lè fún yín ní èyí tí ó sanra bákan náà.