Ààrò tuntun nínú ilé àtijọ́: ìtọ́sọ́nà fún agbo ilé àti àgbẹ̀ ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Ẹni tó jogún ilé àtijọ́ ní Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó ti jogún ilé ìdáná tó wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú. Yàrá kékeré ni lọ́pọ̀ ìgbà: ògiri amọ̀, fèrèsé kan ṣoṣo tí kò gba orí ọmọdé kọjá, òkúta mẹ́ta nílẹ̀, páànù lókè. Ẹ gbójú sókè wo igi òrùlé rẹ̀. Èéfín ọjọ́ pípẹ́ ti dì mọ́ ọn bí ọ̀dà, bí òjò bá sì rọ̀, omi dúdú a máa kán sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò. Ohun tó dì mọ́ igi yẹn náà ló ń wọ ẹ̀dọ̀fóró ẹni tó ń dáná. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2020, nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.2 ènìyàn ni èéfín inú ilé pa káàkiri ayé. Àwọn obìnrin àti ọmọ wẹ́wẹ́ ló ń fa èyí tó pọ̀ jù símú, nítorí àwọn ló ń pẹ́ nídìí iná jù.

Ó yẹ kí ààrò yẹn kúrò níbẹ̀. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ni í ti ra ààrò tuntun kí wọ́n tó wo ilé tí wọ́n fẹ́ gbé e sí. Owó á ti lọ tán kí wọ́n tó rí i pé kò sí ibi tí sìlíńdà lè dúró sí, tàbí pé ìkòkò ọ̀lẹ̀lẹ̀ wọn tóbi ju ojú ààrò lọ. Ilé ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí ẹ wo ìkòkò tẹ̀ lé e, kí ẹ tó wá náwó lé ààrò.

Ẹ wo ilé ná

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Afẹ́fẹ́ tútù gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà wọlé nísàlẹ̀, èyí tó gbóná gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà jáde lókè. Bí ihò kan ṣoṣo ló bá wà, kí bíríkìlà lu òmíràn sára ògiri tó dojú kọ ọ́, kí ó sún mọ́ òrùlé dáadáa. Ògiri amọ̀ kò ṣòro lù, ṣùgbọ́n kí ó fi pákó tó nípọn tàbí irin gbé orí ihò náà ró, kí ògiri má baà ya. Bí owó ààrò kò bá tíì sí lọ́wọ́ rárá, ẹ ṣe ti ihò yìí ná. Ẹni tó ń dáná á mọ ìyàtọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Páànù ilé ìdáná àtijọ́ sábà máa ń lọ sílẹ̀, igi abẹ́ rẹ̀ sì ti gbẹ kanrankanran. Bí ẹ ó bá fi páìpù èéfín sí i, ẹ má jẹ́ kí irin páìpù náà kan igi òrùlé rárá; kí àlàfo wà láàárín wọn, kí wọ́n sì fi amọ̀ tàbí bíríkì yí i ká níbi tó ti gba òrùlé kọjá. Kí páìpù ga ju ibi tó ti jáde lórí òrùlé lọ ní ẹsẹ̀ bàtà 3, kí ó sì ga ní ẹsẹ̀ bàtà 2 ju ohunkóhun tó bá wà láàárín ẹsẹ̀ bàtà 10 sí i. Páìpù kúkúrú ni kì í jẹ́ kí èéfín jáde: atẹ́gùn á bì í padà sínú ilé, onílé á sì máa bú ààrò.

Àwọn ilé bíríkì tí wọ́n kọ́ láàárín ọdún 1970 àti 1990 ńkọ́? Púpọ̀ nínú wọn ló ní sílíìnì asbestos, èyí tó rí pẹlẹbẹ, tó funfun tàbí tó rí bí eérú. Ẹ má gbé ayùn sí i, ẹ má fi òòlù lù ú. Eruku rẹ̀ máa ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè tó ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí àìsàn náà tó fara hàn. Ẹ mú páìpù gba ara ògiri jáde, kí ẹ fi sílíìnì sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ní ti iná mànàmáná, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gùn. Họ́tíìpíléètì kan lè gba wáàtì 1000 sí 2000, wáyà tó wà nínú ilé àtijọ́ sì sábà máa ń tín-ín-rín, ara rẹ̀ á ti gbó. Bí ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì bá ń gbóná tàbí tó ń dúdú, ẹ má fi ohun ìdáná sí i títí oníṣẹ́ iná yóò fi pààrọ̀ wáyà. Iná wa kì í sì í dúró tó ohun tí ẹnì kan lè gbẹ́kẹ̀ lé fún oúnjẹ alẹ́.

Ẹ wo ìkòkò

Ẹni tó ń dáná gan-an ni kí ẹ bi. Bàbá lè san owó, ṣùgbọ́n ìyá tàbí ìyàwó ilé ló mọ ìkòkò tó tóbi jù, tó mọ ohun tó ń pẹ́ lórí iná jù, tó sì mọ̀ bóyá ìdúró ni òun fẹ́ máa sè é tàbí ìjókòó. Ilé ẹni mẹ́rin tó ń se iṣu iyán lálẹ́, tó ń se omi tíì láàárọ̀, kò nílò ju gáàsì olójú méjì lọ. Agbo ilé tí ẹni mẹ́wàá ń jẹun níbẹ̀, tí wọ́n ń se ẹ̀wà ìkòkò ńlá, tí àna àti ẹbí ń rọ́ wá nígbà ìnáwó, owó gáàsì lásán á tán wọn lókun.

Ìmọ̀ràn wa fún irú ilé bẹ́ẹ̀ ni pé kí wọ́n ní ààrò méjì: gáàsì kékeré fún oúnjẹ àárọ̀ àti ọbẹ̀ gbígbóná, ààrò igi tí a tún ṣe fún ìkòkò ńlá. Kí àwọn méjèèjì má sí nínú yàrá kan náà.

Gáàsì

Nínú gbogbo ohun tí à ń fi dáná níhìn-ín, gáàsì ló mọ́ jù. Sìlíńdà 3 kg, 5 kg àti 6 kg wà lọ́jà tí ojú iná wọn wà lórí sìlíńdà fúnra rẹ̀. Wọ́n dára fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń dá gbé. Fún ilé, wọn kò dára. Ẹni tó ń ro àmàlà máa ń fi gbogbo agbára tẹ ọmọrogùn, ìkòkò á máa yí síhìn-ín sọ́hùn-ún, sìlíńdà tí ìdí rẹ̀ kéré á sì ṣubú pẹ̀lú iná lórí. Ẹ ra sìlíńdà 12.5 kg, kí ẹ gbé ojú iná sórí tábìlì ọ̀tọ̀ tí kì í mì.

Ibi tí sìlíńdà máa dúró sí ni ilé àtijọ́ ti máa ń fa wàhálà. Gáàsì yìí wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bí ó bá jò, ilẹ̀ ló máa ń rá mọ́, á ṣàn wọ kòtò, á ṣàn wọ gọ́tà, á kóra jọ sí yàrá tí ilẹ̀ rẹ̀ bá lọ sísàlẹ̀. Ilẹ̀ ọ̀pọ̀ ilé ìdáná àtijọ́ sì lọ sísàlẹ̀ ju àgbàlá lọ, nítorí ọdún pípẹ́ tí wọ́n ti ń gbá a. Bí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀ kí ẹ tó wọ ilé ìdáná yín, ẹ má gbé sìlíńdà sínú rẹ̀. Ìta ni kí ó wà, lẹ́yìn ògiri, ní ìdúró, lábẹ́ ìbòji, kí wẹ́dà ṣe kéèjì irin tí afẹ́fẹ́ ń gbà nísàlẹ̀ fún un. Kí ó jìnnà sí kànga àti sí ààrò igi. Kí họ́ọ̀sì gba inú páìpù kọjá lára ògiri, kí amọ̀ má baà gé e.

Nígbàkígbà tí ẹ bá pààrọ̀ sìlíńdà, ẹ po ọṣẹ mọ́ omi títí yóò fi hó, kí ẹ fi kan gbogbo oríkèé họ́ọ̀sì. Ibi tí ìfóòfó bá ti ń wú, ibẹ̀ ló ń jò. Ẹ má fi ìṣáná dán an wò láé. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn gáàsì nínú ilé, ẹ má tan iná kankan, ẹ má sì pa iná mànàmáná tó ń tàn lọ́wọ́. Ẹ ti ẹnu sìlíńdà, ẹ ṣí ilẹ̀kùn, kí gbogbo ènìyàn jáde, kí ẹ sì pe 112 láti ìta.

Bí ẹ bá lọ rọ gáàsì, ẹ wo ọrùn sìlíńdà. Wọ́n ti tẹ ìwọ̀n òfìfo rẹ̀ sára irin. Bí wọ́n bá tẹ 14.0 síbẹ̀, sìlíńdà 12.5 kg tó kún gbọ́dọ̀ wọn 26.5 kg lórí òṣùwọ̀n. Ẹ dúró wò ó.

Ààrò igi tí a tún ṣe

Iná orí òkúta mẹ́ta ń jó igi púpọ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ nínú ooru rẹ̀ ló sì ń dé ìdí ìkòkò. Atẹ́gùn ló ń gbé ìyókù lọ. Ààrò tí ihò rẹ̀ tẹ̀ bíi lẹ́tà L, tí Larry Winiarski ará Amẹ́ríkà gbé jáde ní àwọn ọdún 1980, ni à ń fẹ́ kí ẹ mọ. Ẹnu igi wà nísàlẹ̀, ihò náà á tẹ̀, á gòkè tààrà sí ìdí ìkòkò. Nínú ihò tó gòkè yẹn ni èéfín fúnra rẹ̀ ti ń jóná, kí ó tó kan ìkòkò.

Fún ìkòkò ilé, kí ihò náà fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 12, kí ó sì ga tó 30. Ẹ fi irin pẹlẹbẹ sí àárín ẹnu rẹ̀, kí igi dùbúlẹ̀ lórí irin, kí afẹ́fẹ́ gba abẹ́ rẹ̀ wọlé. Bí igi bá dí gbogbo ẹnu, èéfín á bẹ̀rẹ̀. Kí ara ààrò yí ìkòkò ká, kí àlàfo àárín wọn má ju ìwọ̀n ìka kan lọ.

Amọ̀ òkìtì ọ̀gán ló dára jù fún iṣẹ́ yìí. Ẹ pò ó mọ́ yanrìn àti koríko gígé fún ara òde. Fún èyí tó máa yí ihò iná ká, ẹ po ìyẹ̀fun igi láti sọ́mìlì mọ́ amọ̀ dáadáa. Nígbà tí iná bá jó ìyẹ̀fun náà tán, amọ̀ á kún fún ihò wẹ́wẹ́, kò ní fa ooru mu bí amọ̀ líle ṣe ń ṣe. Àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ mọ ọ́n. Ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì lábẹ́ ìbòji, kí ẹ wá fi iná díẹ̀díẹ̀ gbẹ inú rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí ẹ tó gbé ìkòkò ka orí rẹ̀.

Kò sí ààrò tó lè gba igi tútù là. Igi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé lè jẹ́ pé omi ló tó ìdajì ìwọ̀n rẹ̀, omi yẹn sì ni iná á kọ́kọ́ máa gbẹ. Àgbẹ̀ tó ń tọ́ oko kòkó ní ẹ̀ka tó ń gé lọ́dọọdún: ẹ là á sí wẹ́wẹ́, ẹ tò ó sórí òkúta kí ó má kan ilẹ̀, kí òrùlé bo orí rẹ̀. Bí ẹ bá fi igi méjì lu ara wọn tí wọ́n dún gbọngbọn, tí orí wọn ti sán, wọ́n ti gbẹ.

Ẹni tó ń dín gàrí tà ní ọ̀nà tirẹ̀. Kí ẹnu iná wà ní òdìkejì ògiri, níta, kí agbada wà nínú. Ẹni tó ń koná kò ní sí níbi tí ẹni tó ń dín wà, èéfín kò sì ní bá ẹni tó dorí kodò sórí agbada láti àárọ̀ dalẹ́.

Èédú àti kẹrosíìnì

Èédú kì í mú èéfín púpọ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń tan àwọn ènìyàn jẹ. Ó ń tú gáàsì olóró kan tí a kì í rí, tí kì í rùn, carbon monoxide. Ẹ má gbé kóòlù pọ́ọ̀tì wọ yàrá ìsùn nígbà ọyẹ́. Ẹ̀yin tó ń fi èédú mú ara òròmọdìẹ móoru, ẹ fi àlàfo sílẹ̀ lókè ilé adìẹ, kí ẹnikẹ́ni má sì sùn tì wọ́n mọ́jú. Gáàsì tó ń pa òròmọdìẹ lóru yẹn ń pa ènìyàn.

Kẹrosíìnì tí wọ́n po epo bẹntiróòlù mọ́ máa ń bú gbàmù, ojú lásán kò sì lè mọ̀ ọ́n. A kò dábàá rẹ̀ fún ilé tó bá lágbára àtira ohun mìíràn.

Kí ẹ tó san owó tó kù

Ẹ fi ìdajì owó iṣẹ́ pamọ́ títí ẹ ó fi dán ààrò wò. Ẹ wọn igi gbígbẹ lórí òṣùwọ̀n, ẹ bu omi lítà 5 sínú ìkòkò, ẹ dé e, ẹ fi òkúta mẹ́ta sè é títí yóò fi hó, kí ẹ wọn igi tó ṣẹ́kù. Lọ́jọ́ kejì, ẹ fi ìkòkò kan náà àti irú igi kan náà ṣe é lórí ààrò tuntun. Bí igi tó lọ kò bá fi ìdá kan nínú mẹ́ta dín sí ti tẹ́lẹ̀, ẹ wo ẹnu iná bóyá ó ti fẹ̀ jù, ẹ wo àlàfo etí ìkòkò, ẹ wo irin abẹ́ igi. Ẹ pe oníṣẹ́ padà kí ó tún un ṣe, kí ẹ tún un dán wò, kí ẹ tó san ìyókù.