Bí a ṣe ń tún príáńpù inú gìtá béèsì StingRay àtijọ́ ṣe

Ní ọdún 1976 ni ilé-iṣẹ́ Music Man ní ìpínlẹ̀ California gbé gìtá béèsì StingRay jáde, nígbà tí Leo Fender jẹ́ ààrẹ ibẹ̀, tí Tom Walker sì ṣe príáńpù kékeré tí ń lo bátìrì 9V sínú ikùn rẹ̀. Príáńpù yìí ni ó ń gba ohùn lọ́wọ́ píkọ́ọ̀pù (mágínẹ́ẹ̀tì abẹ́ okùn tí ń gbọ́ ohùn okùn), tí ó ń fún un lágbára, tí ó sì ń jẹ́ kí ẹni tí ń ta á lè fi kún ohùn ìsàlẹ̀ àti ohùn òkè. Gìtá tí kò ní bátìrì kò lè ṣe ju kí ó bù wọ́n kù lọ. Ó máa ń dùn mí púpọ̀ tí mo bá ṣí irú gìtá bẹ́ẹ̀, tí mo rí i pé wọ́n ti já príáńpù tí ó bá a wá láti ilé-iṣẹ́ dànù, nígbà tí ó jẹ́ pé jáàkì (ihò tí a ń ki kébù bọ̀) tàbí kapásítọ̀ (èròjà kékeré tí ń tọ́jú iná) kan ṣoṣo ni ó ní àìsàn. Nítorí náà, kí mítà (ẹ̀rọ tí a fi ń wọn iná) kọ́kọ́ fi ibi tí iná ti kú hàn wá kí á tó gbé irin tí a fi ń jó lẹ́ẹ̀dì sórí ohunkóhun.

Mítà, irin ìjólẹ́ẹ̀dì tí kò ju 40W lọ, lẹ́ẹ̀dì tín-ín-rín àti okùn bàbà tí a fi ń fa lẹ́ẹ̀dì àtijọ́ kúrò ti tó fún iṣẹ́ yìí. Ẹ fi fóònù ya àwòrán gbogbo wáyà kí ẹ tó tú ọ̀kankan, kí ẹ sì tẹ́ aṣọ sábẹ́ gìtá náà, nítorí ọ̀dà ara rẹ̀ tí ó bá bó kò ṣeé dá padà.

Ọ̀dọ̀ bátìrì ni a ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ má wọn ọ́n lásán. Ẹ ki kébù bọ jáàkì kí príáńpù máa ṣiṣẹ́, kí ẹ sì wọn ọ́n báyẹn. Bí ó bá ti wá sí abẹ́ 7V, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, nítorí bátìrì tí ó ti rẹ̀ máa ń mú kí ohùn gíga ya, kí ó sì máa há bí ẹni pé píkọ́ọ̀pù ni ó bàjẹ́. Bí bátìrì àtijọ́ kan bá ti tú omi sórí orí ìdè rẹ̀, tí lúbúlúbú funfun tàbí àwọ̀ ewé sì dì mọ́ ọn, ẹ fi òwú tí a rẹ sínú fínígà tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́ nù ún, kí ẹ fi sípíríìtì nù ún lẹ́yìn náà, kí ẹ sì jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa. Bí omi náà bá ti wọ inú wáyà, tí bàbà rẹ̀ dúdú, kí ẹ pààrọ̀ ìdè náà pátápátá, nítorí lẹ́ẹ̀dì kì í lẹ̀ mọ́ bàbà tí ó ti dúdú.

Jáàkì gìtá yìí ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, wáyà dúdú ti bátìrì sì wà lára ẹsẹ̀ àárín. Nígbà tí a bá ki kébù bọ̀ ọ́, orí kébù náà ni yóò so ẹsẹ̀ àárín pọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ilẹ̀ (ibi tí iná ń gbà padà), iná yóò sì wọ príáńpù. Ìdí nìyí tí bátìrì fi ń kú ní kíákíá fún ẹni tí ó máa ń fi kébù sílẹ̀ sára gìtá. Ẹ yọ bátìrì kúrò, ẹ gbé mítà sí ibi tí ó ti ń dún, kí ẹ sì fi ẹnu rẹ̀ méjèèjì kan àwọn ẹsẹ̀ méjì yìí. Ó gbọ́dọ̀ dún bí kébù bá wà nínú rẹ̀, kí ó sì dákẹ́ bí ẹ bá yọ ọ́. Bí kò bá dún rárá, ahọ́n irin inú jáàkì ni ó ti là sẹ́yìn, ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ padà. Bí ó bá ti ń ṣẹ̀ lemọ́lemọ́, ẹ ra jáàkì tuntun.

Kí a tó fẹ̀sùn kan príáńpù, ẹ jẹ́ kí a mọ̀ bóyá píkọ́ọ̀pù wà láàyè. Ẹ so wáyà ohùn píkọ́ọ̀pù tààrà mọ́ ẹsẹ̀ ohùn jáàkì, kí ẹ ta okùn kan. Bí ohùn bá jáde, bí ó tilẹ̀ fẹ́lẹ́, àìsàn náà wà lára páńẹ́ẹ̀lì, ìyẹn pátákó kékeré tí a jó àwọn èròjà príáńpù mọ́.

IC (èròjà dúdú kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ tí ń fún ohùn lágbára) tí ó wà nínú páńẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́ yìí ni LM4250, èyí tí wọ́n yàn nítorí pé kì í jẹ iná púpọ̀. Ẹ dá wáyà píkọ́ọ̀pù àti bátìrì padà sí àyè wọn, ẹ ki kébù bọ jáàkì, ẹ fi ẹnu dúdú mítà mọ́ ilẹ̀, kí ẹ fi ẹnu pupa kan ẹsẹ̀ keje: iná bátìrì ni ó yẹ kí ó wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ kẹrin yóò jẹ́ òdo, ẹsẹ̀ kẹfà tí ohùn ń gbà jáde yóò sì wà ní nǹkan bí ìdajì iná bátìrì, ìyẹn bí 4.5V. Ẹ má gbára lé ohun tí ẹ bá rí ní ẹsẹ̀ kẹta, nítorí iye rẹsísítọ̀ (èròjà tí ń dín iná kù) tí ó gbé iná débẹ̀ ga tó bẹ́ẹ̀ tí mítà fúnra rẹ̀ ń fa iná náà sílẹ̀. Bí ẹsẹ̀ kẹfà bá lẹ̀ mọ́ òdo tàbí mọ́ 9V, kapásítọ̀ tí ń jò tàbí IC tí ó ti kú ni ó fà á, kapásítọ̀ ni mo sì máa ń fura sí ṣáájú.

Kapásítọ̀ tí ó ní ẹsẹ̀ pọ́sítíìfù àti nẹ́gẹ́tíìfù ní omi nínú, omi náà sì ń gbẹ bí ọdún ti ń lọ. Nígbà tí ó bá gbẹ, ohùn ìsàlẹ̀ á rọ̀. Nígbà tí ó bá ń jò, iná bátìrì á gba inú rẹ̀ kọjá sórí kọ́ńtróòlù, ìyẹn èyí tí a ń yí láti fi kún ohùn tàbí bù ú kù. Bí kọ́ńtróòlù bá ń há gbàràgbàrà lẹ́yìn tí ẹ ti fín oògùn ìfọ̀ sí i, tí ẹ sì ti yí i lọ yí i bọ̀ ní ogún ìgbà, ẹ wọn iná lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí iná bá wà níbẹ̀, kì í ṣe kọ́ńtróòlù ni ó bàjẹ́. Ẹ fi kapásítọ̀ tí iye µF (ìwọ̀n agbára kapásítọ̀) rẹ̀ bá ti àtijọ́ mu, tí ó lè gba 16V tàbí 25V, rọ́pò rẹ̀, kí ẹ sì rí i pé pọ́sítíìfù rẹ̀ wà níbi tí ti àtijọ́ wà. Ẹ má jẹ́ kí irin gbígbóná dúró lórí ẹsẹ̀ kan ju ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta lọ, nítorí bàbà páńẹ́ẹ̀lì àtijọ́ máa ń ṣí kúrò bí èèpo. Wọ́n da epoxy (gọ́ọ̀mù tí ń le bí òkúta) bo àwọn páńẹ́ẹ̀lì ìbẹ̀rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa wo ètò wọn. Bí tiyín bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, tí mítà sì fi hàn pé inú rẹ̀ ni àìsàn wà, mo gbà yín nímọ̀ràn kí ẹ fi í pamọ́ sínú àpò gìtá, kí ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ ṣiṣẹ́, ju kí ẹ fi ọ̀bẹ gé e lọ.

Bí ó bá wá jẹ́ IC gan-an ni, ẹ kíyè sí ẹsẹ̀ kẹjọ. Lára LM4250, rẹsísítọ̀ kan ní ẹsẹ̀ yìí ni ó ń pinnu bí IC yóò ti jẹ iná tó. Bí rẹsísítọ̀ náà bá ti já, IC tuntun kò ní dún. Ẹ wọn rẹsísítọ̀ yìí kí ẹ tó ra ohunkóhun. Ẹ jó ilé IC oníẹsẹ̀ mẹ́jọ mọ́ páńẹ́ẹ̀lì dípò kí ẹ jó IC fúnra rẹ̀, kí ẹni tí yóò tún un ṣe lẹ́yìn yín lè yọ ọ́ pẹ̀lú ọwọ́.

Kí ẹ tó dé e, ẹ tú ìdè bátìrì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ fi mítà tí ẹ gbé sí mA (ìwọ̀n iná tí ń sàn) sí àárín. Láìsí kébù, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo; pẹ̀lú kébù, kò gbọdọ̀ tó 1 mA. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ de súkúrù rẹ̀, kí ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ fi bátìrì tuntun sí i sórí ìwé kékeré kan, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ìdérí náà.