Bí mo ṣe ń fi ẹ̀dá ìtàn orí íntánẹ́ẹ̀tì kọ́ àròkọ

Olùkọ́ àròkọ ni mí. Kí ọmọ tó kọ ìtàn, mo máa ń jẹ́ kó kọ́kọ́ ya ẹ̀dá ìtàn rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní ìkànnì tí wọ́n ti ń yan ojú, irun àti aṣọ láti fi ṣe àwòrán ẹni náà.

Ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà o. Kí wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀: ta ni ẹni yìí, kí ló ń wá, kí ló ń bà á lẹ́rù? Bí wọ́n bá ti rí bàtà àti irun aláràbarà, wọn ò ní ronú mọ́.

Ogún ìṣẹ́jú tó fún yíyà. Gbogbo ohun tí wọ́n bá yàn gbọ́dọ̀ nídìí. Mo máa ń béèrè pé, “Kí ló dé tí àpá fi wà lójú rẹ̀?” Ọmọ tí kì í lanu ní kíláàsì á bẹ̀rẹ̀ àlàyé.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nìyí: kí ọmọ kan kọ àpèjúwe ẹ̀dá tirẹ̀, kí èkejì yà á láìrí àwòrán náà. Tí ẹ bá gbé méjèèjì síra, ibi tí àpèjúwe ti kù káàtó á hàn, wọn á sì tún un kọ fúnra wọn.

Ẹ yan ìkànnì tí kò béèrè orúkọ tàbí ímeèlì ọmọ. Tó bá jẹ́ Picrew, ìkànnì tí oríṣiríṣi ayàwòrán ti ń gbé àwòrán tí a lè yàn láti fi ya ẹ̀dá sí, ẹ ka òfin ayàwòrán kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó tẹ àwòrán sórí ìwé. Àṣẹ wọn ò dọ́gba.