Mángòrò tó ti rọ̀ jù: bí a ṣe ń sè é di ohun tí a ń pa sórí búrẹ́dì

Tí mángòrò bá ti ya dé ní Ògbómọ̀ṣọ́, èyí tó rọ̀ jù nínú apẹ̀rẹ̀ ni owó rẹ̀ máa ń já wálẹ̀ jù. Òun gan-an ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́. Àwọn ará Pennsylvania ní Amẹ́ríkà ń fi ápù ṣe irú rẹ̀: wọ́n á gbé ìkòkò bàbà ńlá kaná níta, wọ́n á máa rò ó láti àárọ̀ títí yóò fi ki, tí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi dúdú díẹ̀. Bọ́tà ápù ni wọ́n ń pè é, bẹ́ẹ̀ wọn kì í fi bọ́tà kankan sí i. Mángòrò náà gbà bẹ́ẹ̀. Kí omi inú rẹ̀ fà díẹ̀díẹ̀, kí ṣúgà inú rẹ̀ má sì jó, ibẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ wà.

Kílò 4 mángòrò tó pọ́n dáadáa yóò fún yín ní nǹkan bíi kílò 2 lẹ́yìn tí ẹ bá ti bó o, tí ẹ sì ti yọ kóró rẹ̀. Ẹ wá ṣúgà gíráàmù 100, omi ọsàn wẹ́wẹ́ ṣíbí ìjẹun 4, atalẹ̀ gígún ṣíbí tíì kan, kànáfùrù 3 tí a lọ̀ kúnná, àti iyọ̀ bíńtín. Ẹ má lo mángòrò tí kò tíì pọ́n, nítorí sítáàṣì inú rẹ̀ yóò mú kí ó fà bíi gúlù. Èyí tó bá sì ti ń rùn bí ọtí, ẹ dà á nù.

Ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó bó o. Oje tó wà nídìí rẹ̀ máa ń yún ẹlòmíràn lára, pàápàá létè. Ẹ fi omi ife kan sè é fún ìṣẹ́jú 15 kí ó lè rọ̀, kí ẹ wá fi ṣíbí tẹ̀ ẹ́ gba inú asẹ́. Mángòrò wẹ́wẹ́ tó dùn jù ló ní fọ́nrán jù, fọ́nrán tí ẹ kò bá sì yọ nísinsìnyí kò ní ṣeé yọ mọ́ tó bá ti ki.

Ìkòkò tánganran tàbí irin tí kì í dípẹtà ló dára, kí ẹnu rẹ̀ sì fẹ̀. Ìkòkò àlùmíníọ̀mù lásán kò dára fún un, torí omi ọsàn máa ń jẹ ẹ́, mángòrò náà yóò sì máa ta irin lẹ́nu. Ẹ da mángòrò tí ẹ ti sẹ́ sínú rẹ̀. Kí ẹ tó tan iná, ẹ ki orógùn bọ inú rẹ̀ lóròó títí yóò fi kan ìsàlẹ̀, kí ẹ fi ọ̀bẹ sàmì sí ibi tí ó mù ún dé. Nígbà tí ó bá sọ̀ kalẹ̀ dé ìdajì àmì yẹn, ó ti ń jinná nìyẹn.

Ẹ kó ṣúgà, atalẹ̀, kànáfùrù àti iyọ̀ sí i, kí ẹ sè é lórí iná kékeré fún bíi wákàtí kan ààbọ̀ sí méjì. Ní wákàtí àkọ́kọ́, ẹ máa rò ó ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà, ẹ má kúrò nídìí rẹ̀: ó máa ń ta sókè, bó bá sì ta síni lára, ó máa ń jó ni ju omi gbígbóná lọ. Ẹni tó bá ti ro àmàlà rí kò nílò kí a kọ́ ọ bí a ṣe ń lo orógùn, àfi pé kó rántí ha ìsàlẹ̀ ìkòkò. Omi ọsàn ni ẹ ó dà sí i gbẹ̀yìn, nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Láti mọ̀ bóyá ó ti tó, ẹ kán ṣíbí kan rẹ̀ sórí àwo tútù. Tí omi bá sun yí i ká, kò tíì tó. Tó bá jókòó jẹ́jẹ́ láìsí omi létí rẹ̀, ẹ sọ̀ ọ́. Yóò tún ki sí i bó bá tutù, nítorí náà ẹ má dúró kó le lórí iná. Tí ìsàlẹ̀ bá jó, ẹ má ha á rárá. Ẹ rọra da èyí tó wà lókè sínú ìkòkò mìíràn, kí ẹ tọ́ ọ wò.

Ẹ fi sínú ìgò tí ẹ ti sè nínú omi, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú fíríìjì fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Ẹ má gbé e sórí pẹpẹ bíi jáàmù. Bí mángòrò ṣe ń kan lẹ́nu kì í dọ́gba, èyí tí kò bá kan tó lè gba kòkòrò tó ń ṣe májèlé láyè nínú ìgò tí a dé pa. Bí iná ìjọba kò bá dúró ládùúgbò yín, ẹ pín in sí ọ̀rá kéékèèké, kí ẹ fi í sínú fírísà, kí ẹ sì máa yọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tó bá ti hu funfun tàbí tó ń hó, gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ dà nù. Yíyọ òkè rẹ̀ nìkan kò tó.

Ṣíbí ìjẹun kan rẹ̀ jẹ́ bíi kálórì 30, nígbà tí ṣíbí kan bọ́tà tòótọ́ ń lọ sí 100. Iná ti jẹ púpọ̀ nínú fítámì C rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó ń fún un ní àwọ̀ ìyeyè, tí ara ń sọ di fítámì A, ṣì kù níbẹ̀ dáadáa. Ó fẹ́ ọ̀rá díẹ̀ kí ara tó lè gbà á, ìdí nìyẹn tí jíjẹ ẹ́ pẹ̀lú wàrà díndín fi bá a mu jù. Ṣúgà rẹ̀ ti ki pọ̀, kí ẹni tó ní àtọ̀gbẹ má fi ṣe oúnjẹ.

Nínú ògì gbígbóná, ṣíbí méjì ti tó fún ife kan, ẹ kò nílò ṣúgà mọ́. Fún adìẹ sísun, ẹ po ṣíbí 3 pọ̀ mọ́ ata gígún àti iyọ̀, kí ẹ fi pa á lára ní ìṣẹ́jú márùn-ún tó kẹ́yìn. Tí ẹ bá tètè pa á, yóò dúdú kí ẹran tó jinná. Nínú kéèkì, ẹ lè fi gíráàmù 100 rẹ̀ rọ́pò ìdajì bọ́tà gíráàmù 200, kí ẹ dín ṣúgà kù ní gíráàmù 40. Tí ẹ bá fi rọ́pò gbogbo bọ́tà, kéèkì náà yóò le bíi rọ́bà.