Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Ewéko Oníkòkò Orí Òkè Nílùú Òṣogbo

Orí òkè ilẹ̀ Philippines ni Nepenthes ventricosa ti ń hù, ní nǹkan bí 1,000 sí 2,000 mítà sókè. Ilẹ̀ ibẹ̀ ò lọ́ràá. Ìdí nìyẹn tó fi ń fi ìkòkò tó so sẹ́nu ewé rẹ̀ pa èèrà jẹ.

Òṣogbo kò ga tó 400 mítà, etí odò Ọ̀ṣun pàápàá ò tutù tó. Ooru ọ̀sán kọ́ ló ń yọ ọ́ lẹ́nu jù, ooru òru ni. Oúnjẹ tó fi oòrùn sè lọ́sàn-án ni yóò jó tán lóru, kò ní ku ohun tí yóò fi mọ ìkòkò. Nepenthes rajah, ẹbí rẹ̀ tó ń hù ní Òkè Kinabalu ní Malaysia, tí ìkòkò rẹ̀ ń gba omi tó lítà 3, ẹ jẹ́ kó wà lọ́hùn-ún. Ventricosa ṣì ní sùúrù díẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gbìn ín tà ni kí ẹ ti rà á, pẹ̀lú ìwé àṣẹ, torí òfin CITES, àdéhùn àgbáyé lórí títa ewéko àti ẹranko igbó, wà lórí gbogbo Nepenthes.

Omi òjò nìkan ni kí ẹ máa bu sí i. Iyọ̀ inú omi kànga á kó sí gbòǹgbò, etí ewé á sì gbẹ. Òjò àkọ́rọ̀ ń fọ eruku orí páànù ni. Èyí tó bá tẹ̀lé e ni kí ẹ gbé garawa sí.

Ẹ gé èèpo àgbọn wẹ́wẹ́, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi òjò fún ọjọ́ 3, kí ẹ máa pààrọ̀ omi náà lójoojúmọ́. Ẹ po ìwọ̀n 2 rẹ̀ mọ́ ìwọ̀n 1 èédú tí ẹ fọ́ bí ẹ̀pà, tí ẹ sì ti ṣan eérú rẹ̀ kúrò; inú rẹ̀ ni kí ẹ gbin ewéko náà sí. Ẹ má fi ajílẹ̀ kàn án.

Iṣẹ́ gan-an di alẹ́. Ní aago 7, ẹ gbé e sínú kúlà ńlá, ẹ to ike omi lítà 1.5 méjì tó ti dì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n má fara kan ewé. Ẹ ṣí ọmọrí kúlà sílẹ̀ ní ìwọ̀n ìka méjì. Kí tẹmọ́mítà wà láàárín digirì 15 sí 18; bó bá ń kọjá 22 lóròòru, ewé tuntun á máa kéré sí i. Bí iná ọba ò bá sí, ẹ ra yìnyín lọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́ja, kí ẹ dì í sínú ọ̀rá. Aago 6 àárọ̀, ẹ gbé e bọ́ síta. Oòrùn títí di aago 10, lẹ́yìn náà ibòji.

Ọyẹ́ máa ń tan ni jẹ: òru tutù lóòótọ́, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ gbẹ. Ẹ ó rí ìtàkùn tín-ín-rín lẹ́nu ewé, ìkòkò bí orí ìṣáná lórí rẹ̀, á sì dúdú kó tó wú. Ẹ gbé e ka òkúta nínú àwo omi, kí ìdí rẹ̀ má kan omi, kí ẹ sì máa wọ́n omi sí ewé láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.

Bí omi inú ìkòkò bá dànù, ẹ bu omi òjò sí i dé ìdá kan nínú mẹ́ta. Èèrà á wá fúnra rẹ̀. Ẹ má ju ẹran sí i. Á jẹrà, ìkòkò á sì bá a jẹrà.