Ọjọ́ tí mo rí kòkòrò ikọ́ ife nílé ẹni tó fẹ́ pa á

Kẹ́lẹ̀bẹ̀ ni ọ̀gá mi kọ́kọ́ kó lé mi lọ́wọ́ nígbà tí mo lọ kọ́ṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò. Ó ní kí n rẹ ẹ́ láró, kí n wá sọ bóyá ikọ́ ife wà níbẹ̀.

Mo bo imú bo ẹnu, mo fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ mú ibi tó ki jù, mo tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́ sórí gíláàsì pélébé. Ó gbẹ, mo yá a níná. Mo da carbol fuchsin, aró pupa, bò ó, mo ń fi iná yá a nísàlẹ̀ títí ó fi ń rú ooru. Àkọ́kọ́ bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́: ó hó, aró gbẹ mọ́ ọn.

"Ọbẹ̀ kọ́ lò ń sè o," ni ọ̀gá wí. (Ìyá àgbà mi, aláró, ì bá rín mi rín.)

Mo bẹ̀rẹ̀ òmíràn: ìṣẹ́jú 5, kò gbọdọ̀ hó. Awọ kòkòrò yìí kún fún ọ̀rá bí ìda, aró tútù kì í ráyè wọ̀ ọ́. Tó bá sì ti wọlé, kì í jáde mọ́. Áásìdì tí mo dà lé e bó gbogbo ìyókù, kò rí tirẹ̀ bó. Mo wá fi methylene blue, aró búlúù, rẹ àwọn tó ti ṣí.

Lábẹ́ awò, ní ìlọ́po 1000, búlúù nìkan ni mo ń rí. Nígbà tó yá, sẹ́ẹ̀lì ńlá kan yọ: macrophage, ọlọ́dẹ ara tó ń gbé kòkòrò mì. Igi pupa tín-ín-rín mẹ́ta wà níkùn rẹ̀, wọ́n tẹ̀ díẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ wá wò ó, ó ti gbé wọn mì! Wọ́n ti kú nìyẹn?"

"Ta ló sọ fún ọ?"

Ó ní inú àpò kékeré ni ọlọ́dẹ ń fi ohun tó gbé mì sí. Àpò mìíràn, tó kún fún omi kíkan àti èròjà tó ń jẹ nǹkan, á wá dà pọ̀ mọ́ ọn, kòkòrò á sì dà bí oúnjẹ ṣe ń dà nínú. Ti ikọ́ ife kì í jẹ́ kí àpò kejì ráyè dé ọ̀dọ̀ òun. Á jókòó síbẹ̀, á máa bí sí i ní wọ̀ọ̀rọ̀wọ́: bíi wákàtí 20 kí ọ̀kan tó di méjì.

Mo padà sídìí awò, mo ka ojú 100 pé (ibi tí awò ń fi hàn lẹ́ẹ̀kan ni ojú kan). Tí kòkòrò kò bá tó 10, iye gan-an la ń kọ. Mo kọ 7. Mẹ́ta nínú wọn, inú ọlọ́dẹ ni wọ́n wà.